Àgádágodo Méjì Lórí Ẹ̀wọ̀n Kan

Àlùfáà ní kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Bàbá Ọláolú, ọkọ mi, fún ìwé ìrántí ọdún kan tó ti fi wá sílẹ̀. Ó ní kó ṣe ṣókí, kó sì tu àwọn èèyàn lára. Mo ní kò burú. Èmi ò kàwé, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú, àmọ́ Morẹ́nikẹ́ ọmọ Ọláolú jókòó tì mí, ohun tí mo bá sọ ló ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Bí kò bá tu ẹlòmíì lára, a jẹ́ pé ẹni tí kò yẹ kára tù ni.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ lọ́jọ́ ìsìnkú pé "bàbá jẹ́jẹ́, bàbá tí kì í bínú". Irọ́ ni. Ọkọ mi ń bínú. Ìbínú ẹ̀ kì í pariwo ni. Aránṣọ ni, ìdí máṣíìnì ló ti lo ayé ẹ̀. Ọjà Aswani ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rán aṣọ fún àwọn tó ń ta aṣọ níbẹ̀, kó tó di pé a kọ́ ilé kékeré wa sí Ìsọlọ̀, tó gbé máṣíìnì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni pínnì máa ń wà láàárín ètè ẹ̀. Bí èèyàn bá kí i, á mi orí. Bí èèyàn bá bú u, á mi orí náà. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bàbá Ọláolú, ẹ dá èèyàn lóhùn." Lọ́jọ́ kan ó yọ pínnì náà lẹ́nu, ó tò ó sórí tábìlì, ó wò mí, ó ní: "Ọ̀rọ̀ tí mo bá yọ pínnì torí ẹ̀, kó yáa jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi."

Òun ló rán aṣọ fún ẹ̀ṣọ́ méjèèjì tó wà ládùúgbò wa. Aṣọ funfun ni ti Ẹ̀ṣọ́ Àgọ́, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, pẹ̀lú ọ̀já pupa láyà. Kakí ni ti Ẹ̀ṣọ́ Àdúgbò, àwọn tí ẹgbẹ́ onílé gbà. Balógun Ìjọ ni olórí àwọn aláṣọ funfun. Alága ẹgbẹ́ onílé ni olórí àwọn oníkakí. Àwọn méjèèjì ṣì wà láyé, wọ́n á ka ìwé yìí, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé géètì. Àdúgbò wa ò ní ẹ̀yìn, kánáàlì ló dí i nídìí. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ ni géètì wà. Ẹgbẹ́ onílé ló ṣe é, torí àwọn tírélà tó máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ Ìsọlọ̀ wá sùn sí ojúlé wa. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sì wà lẹ́bàá géètì gan-an. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n máa ń fẹ́ ti ojú títì pa kí àwọn tí kò ráyè nínú ilé lè jókòó síta lábẹ́ kánópì. Balógun Ìjọ wá ní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọjọ́ Ọlọ́run, àwọn Ẹ̀ṣọ́ Àgọ́ ló gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ géètì. Alága ní irin ni géètì, kì í ṣe pẹpẹ, ẹgbẹ́ ló ni ín lójoojúmọ́ ayé. Wọ́n fà á títí. Àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa na ara wọn. Ni wọ́n bá pe ìpàdé. Ohun tí ọgbọ́n wọn gbé jáde ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n yí ẹ̀wọ̀n kan mọ́ géètì lẹ́ẹ̀mejì, kí àgádágodo ìjọ wà lójú kan, kí ti ẹgbẹ́ wà lójú kejì. Kò sí ẹni tó máa lè dá a ṣí. Báyìí ni wọ́n ṣe pín àṣẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n mu mínírà.

Ọkọ mi ti ìpàdé dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Mo ní, "Wọ́n ti parí ẹ̀?" Ó ní: "Bọ́tìnnì méjì ni wọ́n rán sójú ihò kan. Ẹni tó bá wọ aṣọ náà ló máa há mọ́."

Ọláolú ọmọ wa ló há mọ́. Òun nìkan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa. Ó ní àìsàn ásímà láti kékeré, àmọ́ ó ti dàgbà, ó ti bímọ, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìkórè kan, a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, èémí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ohun tó máa ń fín sẹ́nu ò ràn án lọ́wọ́. A gbé e sínú mọ́tò aládùúgbò wa, a dé ẹnu géètì, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn ò wá ẹnikẹ́ni tì. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Alága, lápò léèsì tuntun. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn Balógun, ó fi okùn kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú.

Alága ní, "Balógun, ẹ ṣí tiyín. Ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ Ìsinmi."

Balógun ní, "Rárá o. Bí mo bá kọ́kọ́ ṣí i, ẹ ó lọ sọ nípàdé pé ìjọ ti gbẹ́sẹ̀ lé géètì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí tiyín."

"Èmi? Kí wọ́n lè ní mo da ìsìn rú?"

"Alága, ẹ má fojú mi gbolẹ̀ níwájú àwọn ọmọ mi."

"Ta ló ń fojú ẹni gbolẹ̀? Ṣe bí ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ àṣẹ. Àṣẹ nìyí, ẹ lò ó!"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí ọ̀dà títì. Pẹ̀lú agbádá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò rí èémí mí." Ẹ wá gbọ́ ohun tí Alága sọ. Ó ní, "Bàbá Ọláolú, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá. Ọ̀rọ̀ ìlànà la ń sọ lọ́wọ́."

Ó dìde lóòótọ́. Ó fa Ọláolú jáde nínú mọ́tò, ó pọ̀n ọ́n. Ọmọ tó ga ju bàbá ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó gba ojú ihò kékeré tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èmi ń ti ọmọ náà lẹ́yìn, mo ń pe orúkọ ẹ̀. A rí kẹ̀kẹ́ Márúwá ní títì ńlá. Àwọn ará ọsibítù gbà wá kíákíá, wọn ò fi nǹkan kan falẹ̀, àmọ́ ọmọ mi kú. Ẹnu géètì ni àsìkò ẹ̀ ti lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ọláolú mú ayùn irin, ó lọ sẹ́nu géètì, ó jókòó sórí àpótí, ó gé ẹ̀wọ̀n náà. Ó pẹ́ kó tó gé e. Àwọn aláṣọ funfun dúró, àwọn oníkakí dúró, kò sẹ́ni tó lè ní kí ló ń ṣe. Ó kó ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo méjèèjì wálé bí wọ́n ṣe wà, títì pa. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní: "Àwọn ti lò ó tán. Ó ku èmi."

Ó so wọ́n kọ́ sórí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ti máa rí wọn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kó tó wẹ̀, á mú òróró máṣíìnì, á kán an sójú ihò wọn, á fi àkísà nù wọ́n. Morẹ́nikẹ́ ní kí n fi kún un pé òun máa ń bá bàbá di ife òróró mú nígbà tí òun ò tíì mọ ìdí ẹ̀, tí òun sì bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ ń lò ó fún?" Ó ní wọ́n fi èékánná ha ìpẹtà kan kúrò, wọ́n ní: "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí àwáwí ìpẹtà rò lọ́jọ́ tí mo bá ní kí wọ́n ṣí i."

Èmi àti ẹ̀ jà. Mo fẹ́ kí a kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo fẹ́ kí a ta ilé, ká padà sí Ìkirè, ìlú wa. Mo ní báwo ni mo ṣe máa máa bá wọn kọ orin, tí màá máa rí ọrùn tó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́? Ó kọ̀ jálẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó pààrọ̀ ìjókòó. Ó lọ jókòó sí àga tó kọjú sí ti Balógun gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó sì ń wò ó. Bí wọ́n ń gbàdúrà, ojú ọkọ mi ò dì. Bí wọ́n ń pín àkàrà Olúwa, ó ń wò ó. Balógun tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, Balógun bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn. Bàbá Ọláolú náà ṣí sẹ́yìn. Mo sunkún délé lọ́jọ́ kan, mo ní ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní: "Ìyá Ọláolú, bí a bá lọ, ta ni wọ́n á máa rí?"

Mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi náà pààrọ̀ ìjókòó.

Àlùfáà, ìyẹn èyí tó wà níbẹ̀ nígbà náà, wá sílé láti sọ̀rọ̀ ìdáríjì. Ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọkọ mi ń rán kọ́là ẹ̀wù kan lọ, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí Àlùfáà parí, ó yọ pínnì lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti tọrọ ẹ̀ ni?" Àlùfáà ní, "Bàbá, Kristẹni kì í dúró de kí wọ́n tó tọrọ ẹ̀." Ó ní: "Ìdáríjì wà lápò mi, Àlùfáà. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò tiwọn lọ́jọ́ yẹn."

Nínú ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ilẹ̀ Ọba Àkámọ́. Morẹ́nikẹ́ ló ń sọ ọ́ fún, nídìí máṣíìnì, òun àti àwọn ọmọ àdúgbò tó ń wá ṣa ẹ̀kírí aṣọ tó já sílẹ̀. Ó ní ọba kan wà tó jọba lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ débi pé ó máa ń rẹ oòrùn kó tó la ibẹ̀ kọjá. Ọba náà ní ẹ̀ṣọ́ oríṣi méjì tó ń gẹṣin, tó ń gbé idà. Ẹ̀ṣọ́ Pupa ni ti ààfin, ara èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ Funfun ni ti tẹ́ńpìlì, ọkàn èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́. Ọba pín gbogbo nǹkan fún wọn: ẹ̀yin ẹ gba ọjà, ẹ̀yin ẹ gba pẹpẹ, ẹ̀yin ẹ mú olè, ẹ̀yin ẹ mú abọ̀rìṣà. Ẹnubodè nìkan ló gbàgbé láti pín. Ibẹ̀ ló máa ń dá ìtàn náà dúró sí. Àwọn ọmọ á ní, "Bàbá, ta ló wá ni ẹnubodè?" Á ní: "Ẹ lọ bi Alága. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi Balógun."

Àwọn ọmọ sì ń lọ bi wọ́n. Ọmọdé ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lábẹ́ ẹ̀.

Ìkórè mìíràn sún mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń wá eré tí wọ́n á ṣe, Bàbá Ọláolú ní òun ní ìtàn kan, òun á sì rán aṣọ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó ní àgbàlagbà ló yẹ kó ṣe ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹni tí ipò yẹ. Ó fi àrán pupa ránṣẹ́ sí Alága pé kó wò ó. Ó fi àrán funfun ránṣẹ́ sí Balógun. Ẹ ò rí ojú wọn! Wọ́n rò pé ó ti gbàgbé. Wọ́n rò pé aṣọ ni àlàáfíà. Alága wá gba ìwọ̀n lọ́dẹ̀dẹ̀ wa, ó dúró lábẹ́ àgádágodo, ó nawọ́ sókè.

Ó ní, "Bàbá Ọláolú, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀ níkùn o. Ọ̀gágun kì í wọ aṣọ tó fún."

Ọkọ mi ní, "Á fẹ̀, Alága."

"Idà ńkọ́? Ṣé màá gbé idà?"

"Ẹ ó gbé e."

"Ti Balógun ò ní gùn ju tèmi lọ?"

"Ọgbọọgba ni màá ṣe wọ́n."

Bí ọkùnrin náà ṣe kúrò, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ń rán àrán fún ẹni tó pa ọmọ mi?" Ó ká téèpù ẹ̀, ó fi sápò. Ó ní: "Mo ti wọ̀n wọ́n. Mo mọ ibi tó ti máa há wọn."

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Àwọn méjèèjì jáde nínú àrán, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, àwọn èèyàn hó. Wọ́n ṣe eré náà dáadáa, wọ́n jà lórí ọjà, wọ́n jà lórí pẹpẹ, ọ̀kan ní ìwọ ta ni, èkejì ní ìwọ ta ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe dé ìdí ẹnubodè, Bàbá Ọláolú wọlé. Kò sí nínú eré tí wọ́n jọ kọ́. Agbádá ọjọ́ yẹn ló wọ̀, èyí tí ọ̀dà títì wà láyà ẹ̀, mi ò mọ̀ pé kò fọ̀ ọ́. Ó gbé ẹ̀wọ̀n náà dání pẹ̀lú àgádágodo méjèèjì. Ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò rí èémí mí."

Ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gé ẹ̀rín ẹ̀. Bàbá Ọláolú dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò dìde. Àwọn méjèèjì dúró nínú àrán wọn. Òógùn ń jáde lójú Alága. Ó ní, "Kì í ṣe èmi." Balógun náà ní, "Mo ní kó kọ́kọ́ ṣí tiẹ̀!" Alága yí sí i, ó ní, "Ìwọ lo ni ọjọ́ Ìsinmi!" Wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, níwájú ìjọ, níwájú ìyàwó wọn, pẹ̀lú idà pákó lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Ìyá àgbà kan bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Alága gba ẹ̀yìn jáde, àrán ń wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ àdúgbò ò pe Alága ní Alága mọ́. Ẹ̀ṣọ́ Pupa ni. Ẹ̀ṣọ́ Funfun ni ẹnì kejì. Àwọn òbí ti na àwọn ọmọ náà tì. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn ò tún fi ẹ̀wọ̀n sí géètì náà mọ́, kò sẹ́ni tó láyà ẹ̀. Láìpẹ́, Alága ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, wọ́n wé e sínú áńkáṣíìfù. Ti Balógun wá nínú àpòòwé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀, kò sí "ẹ má bínú". Mo ní, "Ṣé ẹ ó wá ṣí wọn báyìí?" Ọkọ mi kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún mi. Ó ní: "Èmi kọ́ ni mo máa ṣí i. Bí n kò bá sí mọ́, wàá mọ̀ ọ́n lò."

Ó kú lásìkò òjò, orí àga máṣíìnì, aṣọ ẹnì kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Pínnì wà lẹ́nu ẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pósí wà nínú àgbàlá wa. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Àgọ́ dé nínú aṣọ funfun pé àwọn ló máa gbé e, ọmọ ìjọ ni. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Àdúgbò dé nínú kakí, wọ́n ní onílé ni, àwọn ló máa gbé e. Ẹ gbọ́ o, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Balógun, tó ti darúgbó, ní òkú jẹ́ ti ìjọ. Alága ní kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ti àdúgbò ni. Ìta géètì àgbàlá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n ń nàka síra wọn.

Mo ní kí Morẹ́nikẹ́ lọ tú ẹ̀wọ̀n lórí òpó wá. Ọkọ mi ti fi wáyà so ibi tó gé pọ̀. Mo ṣí àgádágodo méjèèjì fúnra mi, òróró ṣì wà nínú wọn. Mo yí ẹ̀wọ̀n náà mọ́ géètì àgbàlá wa lẹ́ẹ̀mejì, mo tì í lójú méjèèjì.

Mo na kọ́kọ́rọ́ jáde láàárín irin. Mo ní, "Ẹ wá gbà á. Ẹ dárúkọ ọmọ mi kẹ́ ẹ tó gbà á."

Alága ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

Mo ní, "Wọ́n ń wò yín lọ́jọ́ yẹn náà."

Oòrùn mú. Mo dúró. Mi ò yára, ọkọ mi ò sì yára. Balógun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. "Ọláolú." Mo fún un ní tiẹ̀. Alága wo ilẹ̀, ó wo àwọn ọmọ ẹ̀ṣọ́ ẹ̀, ó ní, "Ọláolú." Mo ní mi ò gbọ́. Mo gbọ́ o, mo kàn fẹ́ kó tún un pè ni. Ó tún un pè. Mo fún un ní tiẹ̀.

Wọ́n ṣí i pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó dúró de ẹnì kejì. Mo ṣẹ́jú, ó ti ṣí. Gbogbo ohun tí ọmọ mi ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Balógun ní, "Ìyá Ọláolú, ṣé ó ti tán nínú yín báyìí?"

Mo kó àgádágodo mi, mo sún sẹ́yìn kí àwọn funfun àti kakí lè wọlé pọ̀. Mo ní, "Ẹ gbé ọkọ mi. Ẹ má jẹ́ kó tún pẹ́ lẹ́nu géètì."